Ohùn Tí A Kò Fetí Sí: Orlando Julius àti Orin Soul ní Èdè Yorùbá

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán níbikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ Orlando Julius. Àwọn kan á ní James Brown ló jí orin rẹ̀ kó. Àwọn mìíràn á ní òun gan-an ló jí ti James Brown. Wọ́n á gbé “Ìjó Soul” sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á gbé “I Got You” sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á sì máa fi fèrè ọ̀kan wé fèrè èkejì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí ní Adó-Èkìtì níhìn-ín lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n jó sí orin náà nígbà èwe wọn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ọkùnrin náà. Ohun tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn ni ìbéèrè yìí: kí ni ọkùnrin yìí ń fi èdè Yorùbá ṣe nígbà tó bá ń kọrin?

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ olè kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ọjọ́ orí àwọn àwo náà tó láti parí rẹ̀. Ní ọdún 1962, obìnrin akọrin kan tó ń jẹ́ Yvonne Fair, tó ń bá James Brown ṣeré, gbé orin kan jáde tí wọ́n pè ní “I Found You”. James Brown ló ṣe orin náà fún un. Orin yẹn kan náà ni James Brown padà fi ohùn ara rẹ̀ kọ, tó yí orúkọ rẹ̀ sí “I Got You”, tó sì gba ìgboro kan ní ìparí ọdún 1965. Ọdún 1966 ni Super Afro Soul, àwo ńlá tí “Ìjó Soul” wà nínú rẹ̀, jáde láti ilé iṣẹ́ Philips. James Brown fúnra rẹ̀ kò sì fẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà títí di 1970. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn lẹ́yìn èyí, ìfẹ́ ìlú ló ń jà fún, kì í ṣe orin.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé Orlando Julius ló jalè? Rárá o. Láàrin àwọn eléré highlife ìgbà náà, gbólóhùn fèrè dà bí òwe. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè pa á. Ibi tí ó pa á sí la fi ń mọ̀ bóyá ó gbọ́n. Ó gbọ́ gbólóhùn kan lórí rédíò, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mú un wọ inú ilé tí ẹni tó kọ́kọ́ fọn ọ́ kò lè bá a dé. Ilé náà ni mo fẹ́ kí a wò.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1943. Láti Adó, èèyàn á gba Ìfàkì, á gba Ọyẹ́, kó tó dé ibẹ̀. Orúkọ tó wà lára ìwé rẹ̀ ni Orlando Julius Arẹ̀mú Olúsànyà Ekemode. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, nítorí náà àwọn Ìjẹ̀ṣà ní ẹ̀tọ́ láti bá wa pín in. N kò rí ìjà nínú rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé kò sí ìlú ńlá kan ní Èkìtì tí àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò, àwọn òṣómàáló tí ń ta aṣọ láwìn, kò fi ẹsẹ̀ kàn nígbà náà? Ọmọ tó dàgbà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ohùn méjì láti ìkókó: bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ìta. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin tí ń kọrin tí wọ́n sì ń jó ní àwùjọ. Ilé ìwé àwọn Áńgílíkà ní Ìkọ̀lé ló ti kọ́ ìlù àti fèrè.

Mo dúró díẹ̀ sórí ilé ìwé Áńgílíkà yẹn nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣòro tí mo ń sọ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fún òun nìkan, fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ orin àjèjì ní èdè wa. Gbogbo wa mọ̀ pé ohùn ló ń gbé Yorùbá ró. Bí orin bá gbé ohùn “ìlú” wálẹ̀, “ìlù” ni èèyàn yóò gbọ́, ẹni tó fẹ́ gbàdúrà fún ìlú á wá máa gbàdúrà fún ìlù. Àwọn míṣọ́nnárì tó tú ìwé orin sí Yorùbá kò bìkítà fún èyí: wọ́n mú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá há a lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ wa ti kọ orin ìyìn láti kékeré láìmọ̀ ohun tí a ń sọ, àfi ìgbà tí a dàgbà tí a ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátídírà ti Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ọ̀ràn ohùn yìí sì wà lára ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù. Ohun tí ó ń wá ni bí orin ṣọ́ọ̀ṣì yóò ṣe máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀, dípò kí ọ̀rọ̀ máa sáré tẹ̀lé orin.

Orin soul tún wá burú ju orin ìyìn lọ ní ti èyí. Orin ìyìn, ó kéré tán, ń rìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Soul ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gùn bí ẹni fa gọ́ọ̀mù, á gbé e gòkè, á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á mì ín, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kó tó fi sílẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò séwu. “Baby” ni “baby” ń jẹ́, ibikíbi tí o bá gbé e dé. Ẹ wá mú “ọkọ” kí ẹ mì ín bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó parí, ẹ ti di àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́, ẹ ti wọ ọkọ̀, ẹ ti gún èèyàn ní ọ̀kọ̀.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ olórin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ soul ní àárín ọdún 1960 sí 1970, ọ̀nà tó rọrùn jù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà. Wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Geraldo Pino, ọmọ Sàró, ló gba iwájú níbẹ̀. Nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Heartbeats, dé Èkó pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí, tó ń lágùn tó ń pariwo bíi James Brown, jìnnìjìnnì bá gbogbo eléré. Fela Kuti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ọkùnrin náà dẹ́rù ba òun. N kò fi Pino ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé wá, ìlú òyìnbó ló ti gbé e wá, bí ó ṣe gbé e wá náà ló sì fi sílẹ̀.

Orlando Julius kò sí ní Èkó. Ìbàdàn ló wà. Ibẹ̀ ló gbà lọ láti Ìkọ̀lé ní 1957, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì ní ọ̀sán, tó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ jùjú àti kónkóma lu ìlù. Ó kọ́ saxophone, ó bá Eddy Okonta ṣeré, lẹ́yìn náà ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Modern Aces, tí wọ́n ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì Independence ní Òkè-Bọ́là. Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe ìlú tí ń sùn. Olú ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni. Tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1959. Ìjọba, yunifásítì àti àwọn òǹkọ̀wé wà lójú kan. Ọdún tí Super Afro Soul jáde náà sì ni ọdún tí Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó wa níhìn-ín, ń ṣe gómìnà ní Ìbàdàn tí wọ́n sì pa á ní oṣù Keje. Gbogbo ọmọ Adó ló mọ̀ nípa Fájuyì. Pápá tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ wà láàrin ìlú. Bí mo bá gbọ́ àwo náà, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé láàrin ọdún tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ń jóná, tí wọ́n ń wẹtìẹ̀ ilé àti èèyàn ní ìgboro, ìfẹ́ àti ijó ni orin tó jáde láti Òkè-Bọ́là ń sọ. Ẹlòmíràn lè fi èyí bú u. Èmi kò rò pé ó yẹ. Àwọn tó jó sí i ní 1966 kò nílò akọrin láti sọ fún wọn pé ilé ń jó.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí orin náà. Báwo ló ṣe gba ìṣòro ohùn kọjá?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni pé ó gé ọ̀rọ̀ kúrú. Kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ orin gùn. Á sọ gbólóhùn kan, àwọn elégbè á gbà á, fèrè á dá a lóhùn. Ọgbọ́n àtijọ́ ni èyí, lílé àti gbígbè, gbogbo wa mọ̀ ọ́n láti ibi àlọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kúrú, ohùn orin lè tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ láìṣe pé ó sú èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun kejì ni mo kà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Igbe tí ó jẹ́ ẹ̀mí orin soul, kò ké e sórí ọ̀rọ̀. Ó ké e sí àárín ọ̀rọ̀. Bó bá ti parí gbólóhùn rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó pé pérépéré, ìgbà náà ló máa ń ké, tó máa ń fa ohùn, tó máa ń kérora. Igbe kò ní àmì ohùn. Kò sí ẹni tó lè ké “háà” kó ṣì í ké. Ibẹ̀ ló fi gbogbo ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà sí, ó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ ní àlàáfíà.

Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ yìí. Lójú rẹ̀ ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀: ọmọ dúdú kan ń pariwo lórí fèrè.

Ẹ wo “Jagua Nana”, orin tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Ó jẹ orúkọ kan náà pẹ̀lú obìnrin inú ìwé ìtàn tí Cyprian Ekwensi kọ ní 1961, ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ Jaguar ṣe orúkọ rẹ̀ nítorí ẹwà àti fáàrí. Kí ló dé tí orúkọ yìí fi dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu akọrin soul? Èrò tèmi ni pé orúkọ àjèjì kò ní ohùn tí a bí mọ́ ọn. “Àdùkẹ́” kò ṣeé fà bó ṣe wù èèyàn, àfi bí a bá fẹ́ bà á jẹ́. “Jagua” ṣeé fà. Ó ṣeé gbé sókè, ó ṣeé tì lulẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé o ti pe ẹlòmíràn. Láàrin èdè tó ń dè é lọ́wọ́, Orlando Julius rí ọ̀rọ̀ kan tó dá a sílẹ̀, ó sì gun orí rẹ̀. Bóyá kò jókòó rò ó bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ ló rò ó.

Ní òdìkejì rẹ̀ ni “Olólùfẹ́”. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ orin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án: ó bẹ̀rẹ̀ ní àárín, ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè. Ohun tó yẹ kí akọrin ṣe sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kó yé e lọ́nà. Ọ̀nà náà ni Orlando Julius fún un.

Nínú àwo yìí kan náà, wọ́n kọ “Mapami” sára páálí rẹ̀ láìní àmì ohùn kankan. Mo rò ó wò pé kí ni olùgbọ́ kan ní Madrid tàbí Tokyo yóò rí níbẹ̀. Ṣé “má pa mí” ni, ẹ̀bẹ̀, àbí “máa pa mí”, ìyọ̀ǹda? Ẹnì kan ń sá fún ìfẹ́, ẹnì kejì ń fi ọrùn lé e lọ́wọ́. Nínú orin soul, kò sí ohun tó jinlẹ̀ ju ìyàtọ̀ yẹn lọ. Páálí àwo kò lè sọ ọ́ fún un. Ohùn akọrin ló ń sọ ọ́, fún ẹni tó bá ní etí Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ “soul” fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọkàn ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà dúdú tó dá orin náà sílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbé e jáde. Ray Charles àti Sam Cooke mú igbe tí ìyá àgbà ń ké níwájú pẹpẹ, wọ́n fi í pe olólùfẹ́, àwọn onígbàgbọ́ sì bínú sí wọn. Ọmọ ilé ìwé Áńgílíkà láti Ìkọ̀lé ìbá lè tú u bẹ́ẹ̀, kó pè é ní orin ọkàn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pè é ní ìjó. Ó fi ọ̀rọ̀ òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà, ó gbé “ìjó” síwájú rẹ̀, bí ìgbà tí a bá fi adé lé àlejò lórí kó tó wọ ààfin. Mo gbà pé ó gbọ́ nǹkan kan tí ìtumọ̀ inú ìwé kò ní fún un: lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá kún, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́. A ní orin ìbànújẹ́ o. Èkìtì ní alámọ̀, tí àwọn obìnrin ń fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ dá, tí ẹni tó bá gbọ́ ọ níbi òkú kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni Orlando Julius gbé soul lọ. Àárín agbo ló gbé e lọ.

Àléébù wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò yẹ kí a fi ìfẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ó kọ “My Girl” ti àwọn Temptations sínú Super Afro Soul, orin tí Smokey Robinson àti Ronald White kọ. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, n kò rí ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Kò yí i padà, kò bá a jà, ó kàn kọ ọ́ bí ẹni tó wọ ẹ̀wù ọmọ ìyá rẹ̀ lọ sí òde. Ohùn tó gbilẹ̀ nínú orin Yorùbá rẹ̀ wá di ohùn àlejò. Àwọn orin Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mìíràn náà máa ń rẹ̀ mí. Ó fi hàn pé kì í ṣe pé ọkùnrin náà mọ soul kọ nìkan ló gbé e ga. Yorùbá ló ń fún un níṣẹ́ láti ṣe. Níbi tí kò bá ti sí ìdènà, kò sí ọgbọ́n.

Èyí kan ọ̀rọ̀ Fela pẹ̀lú. Àwọn ìwé kò dákẹ́ láti máa sọ pé Fela máa ń wá wo Orlando Julius ní Ìbàdàn, pé ó ń bá a fọn fèrè, pé ó mú nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Orlando Julius fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n wá ń pè é ní aṣáájú Afrobeat, bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́ ọ̀nà fún ẹlòmíràn kó sì lọ jókòó. N kò fẹ́ràn oyè yẹn. Nígbà tí Fela rí ohùn tirẹ̀, pidgin ló yàn, kí gbogbo Áfíríkà lè gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yan pidgin, ìṣòro ohùn tí mo ń sọ yìí kúrò lọ́rùn rẹ̀. Orlando Julius kò bọ́ ọ. Ọ̀nà méjì ni. Kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì.

Àwọn tó padà bọ́ sí ọ̀nà tirẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, rìn ín dáadáa ní àárín ọdún 1970 sí 1980, nínú àwọn àwo bíi Danger àti Horizon Unlimited, ohùn méjì tó rọ̀ mọ́ra bí okùn. Lẹ́yìn wọn ó pẹ́ díẹ̀. Lónìí, bí o bá sọ “soul” fún ọ̀dọ́ ní ọjà Ọba tàbí lẹ́nu géètì yunifásítì, Aṣa ni yóò dárúkọ, Bùkọ́lá Ẹlẹ́mìdé tí wọ́n bí sí Paris ní 1982. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. “Bíbánkẹ́” àti “Ẹyẹ Àdàbà” nínú àwo rẹ̀ ti 2007 fi hàn pé ó mọ ohun tí ohùn Yorùbá lè gbé àti ohun tí kò lè gbé. Òun yan ìdákẹ́jẹ́ níbi tí Orlando Julius yan igbe: ó rẹ ohùn sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àti orin fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun kan, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àwọn méjèèjì tẹ̀léra yóò rí i pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn, láìjọ ara wọn rárá.

Apá kejì ayé Orlando Julius kò ní gùn lẹ́nu mi. Ní 1974 ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó bá Hugh Masekela ṣiṣẹ́, ó sì sọ pé òun lọ́wọ́ nínú orin “Going Back to My Roots” tí Lamont Dozier gbé jáde ní 1977. Disco Hi-Life jáde ní 1979. Ó dùn ún jó, ṣùgbọ́n ìlù ti borí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, igbe ti kúrò láàrin gbólóhùn, ó ti di ohun ọ̀ṣọ́. Ó padà sílé, ó tún lọ, ó tún bọ̀. Latoya ìyàwó rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà, ń bá a kọrin tó sì ń bá a jó lórí pẹpẹ eré.

Láàrin ìgbà yẹn, àwọn òyìnbó rí Super Afro Soul. Ilé iṣẹ́ àwo ní London àti ní Spéènì tún un tẹ̀, àwọn olùkójọ àwo sì ń fi owó gọbọi ra ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀. Ó dára. Láìsí wọn, èmi gan-an kì bá má rí i gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ni ó ń dùn mí. Àwọn tó kọ̀wé lórí rẹ̀ láti ìgbà náà, ìlù àti fèrè ni wọ́n gbọ́, nítorí ìyẹn ni wọ́n lè gbọ́. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn James Brown fi gba gbogbo ojú pópó: fèrè ni a lè fi wé fèrè láìgbọ́ èdè. Àwa tí a gbọ́ èdè náà, a kò gbọ́ orin náà. Ẹni tó ní etí kò ní àwo, ẹni tó ní àwo kò ní etí.

Ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. “Aṣáájú Afrobeat”, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìròyìn tí mo kà kọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má bẹ̀rẹ̀ láti “Ìjó Soul”, nítorí kò ní ṣàìmáa wá James Brown kiri nínú rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti “Jagua Nana”, kó wá gbọ́ “Olólùfẹ́”, kó sì máa fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti parí tí igbe ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó fo ọdún méjìdínláàádọ́ta, kó bọ́ sí Jaiyede Afro, tí ó ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ Heliocentrics ní London ní 2014. Ó ti kọjá àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ohùn ti wúwo, kò lè sáré mọ́, ó ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí àgbà tó ń gbé ìkòkò omi sọ̀, àwọn ọmọ òyìnbó náà sì ní ọgbọ́n láti dúró dè é. Orin kan wà nínú àwo yẹn tó ń jẹ́ “In the Middle”. Orin James Brown ni. Ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kò fi ohunkóhun pa mọ́, ó gbé saxophone rẹ̀ sẹ́nu, ó sì fọn ọ́ bó ṣe wù ú.